Ìfàyègba onírúurú ọ̀nà ìṣeré nínú eré ìkópa orí tábìlì

Ìfàyègba onírúurú ọ̀nà ìṣeré nínú eré ìkópa orí tábìlì ni ìlànà tí àwọn tí ó jọ ń ṣe eré kan fi ń rí i pé ẹni tí ó fẹ́ràn ìjà, ẹni tí ó fẹ́ràn ìtàn, ẹni tí ó fẹ́ràn àdììtú àti ẹni tí ó kàn wá bá ọ̀rẹ́ jókòó lè péjọ sídìí tábìlì kan náà, kí olúkúlùkù wọn sì rí ohun tí ó bá wá. Eré ìkópa orí tábìlì jẹ́ eré àfẹnuṣe. Akópa kọ̀ọ̀kan a gbé ìwà ẹ̀dá ìtàn kan wọ̀, a sì máa sọ ohun tí ẹ̀dá náà fẹ́ ṣe. Olùdarí eré a máa ṣàpèjúwe ayé tí àwọn ẹ̀dá náà ń gbé, a sì máa sọ ohun tí ó ti inú ìgbésẹ̀ wọn jáde. Níbi tí àbájáde kò bá ti dájú, dáìsì irú èyí tí a fi ń ta lúdò, tàbí èyí tí ojú rẹ̀ ju mẹ́fà lọ, ni wọ́n máa ń dà. Dungeons & Dragons, tí a tẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1974, ni ó gbajúmọ̀ jù lọ nínú àwọn eré wọ̀nyí.

Ẹni tí ó jókòó sídìí ayò ọlọ́pọ́n mọ ohun tí òun ń lé: kí ọmọ ayò tí òun jẹ pọ̀ ju ti ẹnìkejì lọ. Eré ìkópa kò rí bẹ́ẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, kò sí akópa tí ó ń borí akópa ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, eré kan náà sì lè gba oṣù tàbí ọdún kí ó tó parí. Nítorí náà, ìbéèrè pé kí ni a wá ṣe níbí lè ní ìdáhùn márùn-ún láàárín ènìyàn márùn-ún, kí ẹnikẹ́ni nínú wọn má sì mọ̀ títí tí inú yóò fi bí ẹnìkan. Láti ọdún 1980, ó kéré tán, ni àwọn òǹkọ̀wé ti ń fún àwọn ìdáhùn wọ̀nyí ní orúkọ, tí wọ́n sì ń wá ọ̀nà tí wọ́n lè gbà bá ara wọn gbé.

Bí èdèàìyedè ṣe ń wáyé

Àpẹẹrẹ kan ni ti afárá tí ẹ̀ṣọ́ mẹ́ta ń ṣọ́. Àwọn ẹ̀dá ìtàn mẹ́rin dé ibẹ̀, wọ́n sì fẹ́ kọjá. Akópa kìíní ti ka ìwé òfin eré láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin kí idà ẹ̀dá ìtàn rẹ̀ lè mú ju ti ẹnikẹ́ni lọ. Inú rẹ̀ dùn pé òun rí ẹni tí òun yóò bá jà. Ẹ̀dá ìtàn akópa kejì jẹ́ ọmọ ogun tí ó sá kúrò lójú ogun, akópa náà sì ti ń ronú ohun tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ yóò sọ fún ẹ̀ṣọ́ tí ó wọ aṣọ tí òun náà ti wọ̀ rí. Akópa kẹta fẹ́ mọ ẹni tí ó kọ́ afárá náà àti ìdí tí wọ́n fi ń ṣọ́ ọ. Akópa kẹrin ń wo odò bóyá wọ́n lè gba abẹ́ afárá kọjá kí ẹnikẹ́ni má rí wọn.

Bí akópa kìíní bá fa idà yọ kí àwọn yòókù tó la ẹnu, ohun tí àwọn mẹ́ta wá ṣe ti bàjẹ́ nìyẹn. Bí akópa kejì bá sì bá ẹ̀ṣọ́ sọ̀rọ̀ fún odidi wákàtí kan, ẹni tí ó wá jà yóò káwọ́ lẹ́rán, yóò sì máa wo fóònù rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó ṣẹ̀ nínú àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, nítorí pé òfin eré gba gbogbo ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe láàyè. Ohun tí ó dá wàhálà sílẹ̀ ni pé olúkúlùkù gbà pé bí òun ti ń ṣe eré yìí ni gbogbo ayé ń ṣe é, kò sì sí ẹni tí ó rí ìdí tí òun yóò fi kọ́kọ́ sọ ọ́.

Ìtàn

Ìbẹ̀rẹ̀

Eré ìkópa ti inú eré ogun jáde. Ní àwọn ọdún 1960, àwọn ẹgbẹ́ kan ní ìpínlẹ̀ Minnesota àti Wisconsin ní Amẹ́ríkà máa ń fi ère ọmọ ogun kéékèèké ja ogun lórí tábìlì. Ní ìparí ọdún mẹ́wàá náà, David Wesely ṣètò eré kan tí ó pè ní Braunstein ní Minnesota. Nínú eré yìí, akópa kọ̀ọ̀kan lè dúró fún ènìyàn kan ṣoṣo nínú ìlú kan dípò odidi ẹgbẹ́ ọmọ ogun. Dave Arneson, tí ó wà lára àwọn tí ó bá a ṣeré, gbé ọ̀nà yìí wọ inú ayé àròsọ tí ó pè ní Blackmoor. Lẹ́yìn náà ni òun àti Gary Gygax, ará Lake Geneva ní Wisconsin, jọ kọ Dungeons & Dragons. Ẹ̀dà 1,000 ni ilé-iṣẹ́ TSR kọ́kọ́ tẹ̀, ìwé pẹlẹbẹ mẹ́ta nínú páálí kan.

Àkọlé kékeré tí ó wà lára ìwé náà pè é ní òfin fún eré ogun. Kò sí ọ̀rọ̀ ìkópa nínú rẹ̀. Òfin ìjà, idán àti ìṣúra pọ̀ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n bí ènìyàn yóò ti gbé ìwà ẹ̀dá ìtàn wọ̀ kò gba àyè púpọ̀. Oríṣi ènìyàn méjì ni ó sì tètè gbà á: àwọn olólùfẹ́ eré ogun, tí wọ́n rí i gẹ́gẹ́ bí ìdánwò ọgbọ́n, àti àwọn olólùfẹ́ ìtàn àròsọ sáyẹ́ǹsì àti ti idán, tí wọ́n rí i gẹ́gẹ́ bí ìtàn tí ènìyàn lè wọ inú rẹ̀ lọ. Ní ọdún 1975, Lee Gold bẹ̀rẹ̀ Alarums & Excursions ní Los Angeles, ìwé àtìgbàdégbà tí àwọn òǹkàwé fúnra wọn ń kọ. Inú rẹ̀ ni àwọn akópa ti ń ròyìn eré wọn, tí wọ́n sì ń bá ara wọn jiyàn lórí bí ó ti yẹ kí a máa ṣe é.

Ìsọ̀rí mẹ́rin ti Blacow

Ní ọdún 1980, Glenn Blacow kọ àpilẹ̀kọ kan sínú ìwé ìròyìn Different Worlds, níbi tí ó ti pín ọ̀nà ìṣeré sí mẹ́rin: ìkópa, pípa ìtàn, wíwá agbára àti eré ogun. Ẹni tí ó ń wá agbára fẹ́ kí ẹ̀dá ìtàn rẹ̀ máa tóbi sí i, kí ohun ìjà àti ìṣúra rẹ̀ sì máa pọ̀ sí i. Ẹni tí ó ń ṣe eré ogun fẹ́ fi ọgbọ́n borí ìṣòro tí olùdarí gbé kalẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìsọ̀rí tí ó tẹ̀lé e ni ó jọ ọ́.

Àbá onígun mẹ́ta

Ní ọdún 1997, àwọn tí ó ń jíròrò nípa eré ìkópa lórí Usenet, tí ó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ibi ìjíròrò àkọ́kọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, gbé àbá kan kalẹ̀ tí Mary Kuhner kó ipa pàtàkì nínú rẹ̀. Àbá náà wo ohun tí ìpinnu dúró lé lórí nínú eré, ó sì pín in sí mẹ́ta: ìtàn, ìpèníjà àti ìfarawé ayé. Bí olùdarí bá fẹ́ pinnu bóyá ọ̀tá yóò dé ní òru òní, ó lè ní kí ó dé nítorí pé ibẹ̀ ni ìtàn yóò ti dùn jù. Ó lè ní kí ó dé nítorí pé agbára àwọn akópa ká a. Ó sì lè ní kí ó má dé rárá, nítorí pé ibi tí ọ̀tá náà wà ní ìrọ̀lẹ́ ju ìrìn òru kan lọ. Ìpinnu mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ó bójú mu, ṣùgbọ́n wọn kì í tẹ́ ènìyàn kan náà lọ́rùn.

Ron Edwards mú àbá yìí, ó sì yí i padà nínú àpilẹ̀kọ kan tí ó gbé jáde ní ọdún 2001. Èrò rẹ̀ ni pé òfin eré fúnra rẹ̀ a máa ti àwọn akópa sí apá kan, àti pé eré tí ó bá fẹ́ tẹ́ gbogbo ènìyàn lọ́rùn lẹ́ẹ̀kan náà lè má tẹ́ ẹnikẹ́ni lọ́rùn. Ọ̀pọ̀ eré kéékèèké tí ó mú ohun kan ṣoṣo ṣe ni ó ti ibi ìjíròrò tí ó dá sílẹ̀ jáde kí wọ́n tó ti ibẹ̀ pa ní ọdún 2012.

Láti orúkọ ènìyàn sí orúkọ ìṣe

Robin D. Laws, òǹkọ̀wé ará Kánádà, kọ ìwé ìmọ̀ràn fún àwọn olùdarí eré ní ọdún 2002. Nínú rẹ̀ ni ó ti to oríṣi akópa méje lẹ́sẹẹsẹ, tí ó sì gba olùdarí nímọ̀ràn pé kí ó mọ ohun tí ó ń dùn mọ́ akópa kọ̀ọ̀kan nínú kí ó tó múra eré sílẹ̀. Ìwé ìtọ́sọ́nà olùdarí ti Dungeons & Dragons tí ó jáde ní ọdún 2008 to oríṣi mẹ́jọ. Orúkọ ènìyàn ni ó fi pè wọ́n, gẹ́gẹ́ bí òṣèré, òpìtàn, apani àti òǹwòran. Nígbà tí ìwé náà tún jáde lákọ̀tun ní ọdún 2014, méje ni ó kù, orúkọ wọn sì ti di orúkọ ìṣe: ṣíṣe eré, pípa ìtàn, jíjà, ìṣàwárí, wíwá agbára, fífa ìjàngbọ̀n àti yíyanjú ìṣòro.

Àyípadà yìí kọjá ti ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Bí a bá pe ẹnìkan ní apani, ìjà nìkan ni olùdarí yóò máa sè fún un. Bí a bá sọ pé jíjà wà lára ohun tí ó gbádùn, àyè ṣì wà fún un láti gbádùn nǹkan mìíràn, àní ní alẹ́ ọjọ́ kan náà.

Àwọn ọ̀nà ìṣeré tí ó wọ́pọ̀

Orúkọ yàtọ̀ láti ìwé dé ìwé, ṣùgbọ́n àwọn wọ̀nyí ni ó máa ń hàn nínú púpọ̀ wọn:

• Jíjà. Akópa fẹ́ kí eré gbóná, kí dáìsì máa bọ́ sílẹ̀, kí ọ̀tá sì máa ṣubú. Ẹlòmíràn a máa fi èyí sinmi lẹ́yìn iṣẹ́ òòjọ́.
• Wíwá agbára. Akópa ń ka òfin, ó ń ṣírò, ó sì ń yan ohun tí yóò mú kí ẹ̀dá ìtàn rẹ̀ pegedé.
• Yíyanjú ìṣòro. Akópa fẹ́ ìṣòro tí ó ní ojútùú, ó sì fẹ́ kí ètò tí òun bá fara balẹ̀ ṣe já sí rere.
• Gbígbé ìwà wọ̀. Akópa ń ronú bí ẹ̀dá ìtàn rẹ̀, nígbà mìíràn ó ń yí ohùn padà, ó sì lè ṣe ohun tí yóò pa á lára nítorí pé ìwà ẹ̀dá náà nìyẹn.
• Pípa ìtàn. Akópa ń wo bí ohun gbogbo ti so pọ̀, ó sì lè fara mọ́ ìpàdánù ẹ̀dá ìtàn rẹ̀ bí ìtàn bá ti dùn.
• Ìṣàwárí. Akópa fẹ́ mọ ohun tí ó wà lẹ́yìn òkè, ìtàn ìlú, àṣà àti ẹ̀sìn ayé náà.
• Fífa ìjàngbọ̀n. Akópa ń tẹ ohun tí a ní kí ẹnikẹ́ni má tẹ̀ kí ó lè rí ohun tí yóò ṣẹlẹ̀.
• Ìbákẹ́gbẹ́. Akópa wá nítorí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Kò bìkítà fún òfin, ó sì lè má sọ̀rọ̀ púpọ̀.

Ẹni tí ó wá nítorí ẹgbẹ́ ni a tètè máa ń ṣì lóye. Ojú ọ̀lẹ ni àwọn kan fi ń wò ó, àwọn mìíràn a sì máa fi ipá tì í sí àárín agbo. Laws kìlọ̀ pé kò yẹ kí a fi ipá mú irú ẹni bẹ́ẹ̀, nítorí pé wíwà rẹ̀ níbẹ̀ wúlò fún ẹgbẹ́, dídákẹ́ rẹ̀ kò sì fi hàn pé kò gbádùn ara rẹ̀.

Àwọn ìlànà ìfàyègbà

Ìjókòó òdo

Ìjókòó òdo ni ìpàdé tí ẹgbẹ́ máa ń ṣe kí eré tó bẹ̀rẹ̀ rárá. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń fẹnu kò lórí irú ìtàn tí wọ́n fẹ́, bí ikú ẹ̀dá ìtàn yóò ti wọ́pọ̀ tó, bí ìjà àti ọ̀rọ̀ yóò ti pín àsìkò, ọjọ́ tí wọn yóò máa pàdé, àti ohun tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mú wọ inú eré. Ibẹ̀ náà ni wọ́n sábà máa ń jọ dá ẹ̀dá ìtàn wọn, kí ẹnìkan má baà dá apànìyàn tí kò ní ọ̀rẹ́ nígbà tí àwọn yòókù dá ìdílé oníṣòwò.

Ìbéèrè tààrà kì í fìgbà gbogbo ṣiṣẹ́, nítorí pé ọ̀pọ̀ akópa tuntun kò tíì mọ ohun tí wọ́n fẹ́. Nítorí náà, àwọn olùdarí kan a máa béèrè fíìmù tàbí ìtàn tí ènìyàn fẹ́ràn, tàbí ìgbà tí eré dùn mọ́ ọn jù.

Kíka ẹ̀dá ìtàn

Ohun tí akópa yàn fún ẹ̀dá ìtàn rẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ tí ó ń rán sí olùdarí. Ẹni tí ó náwó nára sórí ìmọ̀ ṣíṣí àgádágodo fẹ́ bá ilẹ̀kùn títì pàdé. Ẹni tí ó kọ ọ́ pé arákùnrin ẹ̀dá ìtàn òun sọnù fẹ́ kí ẹnìkan mẹ́nu kan arákùnrin náà lọ́jọ́ kan. Bí oṣù mẹ́ta bá kọjá tí kò sí ilẹ̀kùn títì, tí kò sì sí ìròyìn arákùnrin, àwọn akópa méjèèjì ti gbọ́ ìdáhùn bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ sọ̀rọ̀.

Pípín àyè

Olùdarí kò lè tẹ́ gbogbo ènìyàn lọ́rùn ní ìṣẹ́jú kan náà, ṣùgbọ́n ó lè rí i pé ojú dé ọ̀dọ̀ olúkúlùkù kí ìjókòó tó parí. Nínú àpẹẹrẹ afárá, olùdarí lè dá idà dúró díẹ̀, kí ó kọ́kọ́ bi àwọn yòókù léèrè ohun tí wọ́n ń ṣe. Ẹ̀ṣọ́ kan lè dá ọmọ ogun tí ó sá mọ̀ kí ìjà tó bẹ́ sílẹ̀. A lè gbẹ́ àmì kan sára òpó afárá, kí ẹni tí ó gba abẹ́ rẹ̀ rí i, kí ẹni tí ó fẹ́ràn ìtàn ìlú sì tú u. Bí ìjà bá wá dé lẹ́yìn gbogbo èyí, ó ní ìdí, oníjà náà kò sì pàdánù ohunkóhun. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ìran tí ó ní ju ẹnu-ọ̀nà kan lọ ni ó ń gba ènìyàn púpọ̀.

Àwọn akópa náà ní ipa tiwọn. Ẹni tí ó mọ ọ̀rọ̀ sọ lè bi ẹni tí ó dákẹ́ léèrè ohun tí ẹ̀dá ìtàn rẹ̀ rò. Ẹni tí ó mọ òfin dáadáa lè fi ìmọ̀ rẹ̀ ran akópa tuntun lọ́wọ́ dípò kí ó fi borí rẹ̀.

Yíyan eré tí ó bá ẹgbẹ́ mu

Nígbà mìíràn, eré ni ó yẹ kí a yí padà, kì í ṣe ènìyàn. Òfin ìjà Dungeons & Dragons kún, ó sì bá ẹni tí ó fẹ́ràn ọgbọ́n ogun mu. Nínú Call of Cthulhu, tí Sandy Petersen kọ ní ọdún 1981, ìwádìí ni iṣẹ́ àwọn akópa; ẹni tí ó bá kọjú ìjà sí ohun abàmì níbẹ̀ sábà máa ń kábàámọ̀. Fiasco, tí Jason Morningstar gbé jáde ní ọdún 2009, kò ní olùdarí, ó sì máa ń parí ní ìjókòó kan. Ẹgbẹ́ tí kò lè fẹnu kò lórí eré ọlọ́dún kan lè fi irú àwọn eré kúkúrú bẹ́ẹ̀ dán ara wọn wò.

Ààbò

Ohun tí ó jẹ́ ìgbádùn fún akópa kan lè jẹ́ ọgbẹ́ fún ẹlòmíràn. Nínú ìwé kan tí ó jáde ní ọdún 2003, Ron Edwards fi ìyàtọ̀ sáàárín ohun tí kò gbọdọ̀ wọ inú eré rárá àti ohun tí ó lè ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn aṣọ ìkélé láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ṣàpèjúwe rẹ̀. John Stavropoulos náà gbé káàdì kan kalẹ̀ tí a kọ lẹ́tà X sí. Àárín tábìlì ni káàdì náà máa ń wà. Ẹni tí ó bá fọwọ́ kàn án ń béèrè pé kí a yọ ohun tí ó ń lọ lọ́wọ́ kúrò, a kò sì ní bi í ní ìdí.

Ibi tí ìfàyègbà mọ

Ìyàtọ̀ wà láàárín ọ̀nà ìṣeré àti ìwà àìdáa. Ẹni tí ó ń jí ẹrù àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nínú eré, tí ó ń já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ wọn lẹ́nu, tí ó sì ń dáhùn pé ohun tí ẹ̀dá ìtàn òun yóò ṣe ni òun ṣe, kò bẹ̀bẹ̀ fún àyè. Àyè ẹlòmíràn ni ó ń gbà. Ẹ̀dá ìtàn kò dá ara rẹ̀. Akópa ni ó dá a, akópa náà ni ó sì lè yí i padà.

Ó tún ṣeé ṣe kí gbogbo ènìyàn jẹ́ ọmọlúàbí, kí ohun tí wọ́n fẹ́ sì jìnnà síra ju ohun tí tábìlì kan lè gbà lọ. Ẹgbẹ́ tí ó pín sí méjì nítorí èyí kò kùnà. Àwọn ọ̀rẹ́ púpọ̀ ni kì í ṣe eré ìkópa pọ̀ mọ́, tí wọ́n sì ṣì ń jẹun pọ̀. Ohun tí ó máa ń ba ọ̀rẹ́ jẹ́ ni kí a máa fara dà á láìsọ̀rọ̀ fún oṣù mẹ́fà, kí ẹnìkan wá dìde ní alẹ́ ọjọ́ kan, kí ó má padà wá mọ́.

Àríwísí

Àríwísí àkọ́kọ́ lórí àwọn ìsọ̀rí wọ̀nyí ni pé ènìyàn kì í dúró sójú kan. Akópa tí ó fẹ́ràn ìtàn ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá lè ti ibi iṣẹ́ dé pẹ̀lú àárẹ̀, kí ó má fẹ́ ju ìjà lọ.

Èkejì ni pé orúkọ tètè máa ń di ẹ̀gàn. Orúkọ tí wọ́n fún ẹni tí ó ń wá agbára ti di èébú lẹ́nu ọ̀pọ̀ akópa. Nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ tí ó túmọ̀ sí ipa àti èyí tí ó túmọ̀ sí yíyí dáìsì ní ìró kan náà. Àwọn kan a máa fi èyí dá àpárá láti fi àwọn tí ó fẹ́ràn ìjà ṣe yẹ̀yẹ́, pé dáìsì ni wọ́n ń yí, wọn kò kó ipa kankan. Irú àwàdà bẹ́ẹ̀ gbà pé ọ̀nà ìṣeré kan ṣoṣo ni ó jẹ́ ojúlówó, èyí tí ìtàn eré náà kò sì tì lẹ́yìn, nítorí pé inú eré ogun ni ó ti jáde.

Ẹ̀kẹta jẹ mọ́ ẹrù tí ó wà léjìká olùdarí. Ọ̀pọ̀ ìwé ìmọ̀ràn ń bá olùdarí nìkan sọ̀rọ̀, bí ẹni pé òun nìkan ni iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti tẹ́ ẹni márùn-ún lọ́rùn, nígbà tí òun pàápàá ní ohun tí ó fẹ́ràn. Olùdarí tí ó fẹ́ràn ìṣàwárí, tí ó ń ṣètò ìjà lọ́sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀ nítorí àwọn ẹlòmíràn, yóò rẹ̀wẹ̀sì níkẹyìn, eré náà yóò sì tú ká. Nítorí èyí ni àwọn ẹgbẹ́ kan fi ń gba ipò olùdarí ní ìgbà-ń-gbà, tí wọ́n sì ń bi olùdarí náà léèrè nínú ìjókòó òdo pé kí ni òun fúnra rẹ̀ wá ṣe.